Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìlú Kambolé: Ẹ Gba Ohùn Àwọn Àgbà Sílẹ̀

Sí ẹ̀yin olórí àti ìgbìmọ̀ kọmúùnù tí Kambolé wà lábẹ́ rẹ̀ ní agbègbè Tchamba. Sí ẹ̀yin olóyè àti baálé ilé gbogbo. Sí ẹ̀yin ìmáàmù. Sí ẹ̀yin ìyá wa. Àti sí ẹ̀yin ọmọ Kambolé tí ẹ ń wá oúnjẹ òòjọ́ yín ní Sokodé, ní Lomé, ní Cotonou àti lẹ́yìn òkun.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo ń bẹ̀ yín kí ìgbìmọ̀ yín ya owó díẹ̀ àti àkókò púpọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fi kọ àwọn ibi àtijọ́ tó wà ní Kambolé àti àwọn abúlé rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn àti ìtàn wọn, ní èdè tí ẹ ń sọ nílé. Mi ò ní kí ẹ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, mi ò sì ní kí ẹ ri pátákó mọ́lẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ìwé ni kí ẹ kọ, ohùn ni kí ẹ gbà sílẹ̀. Àlàyé ìdí rẹ̀ ló máa gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni mí. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ Ìbàdàn ka àwọn ìlú tí èdè wa dé níhà ìwọ̀ oòrùn, yóò dárúkọ Kétu, yóò dárúkọ Ṣábẹ̀ẹ́, bóyá yóò fi Ìdáìṣà kún un. Ẹni tó bá kàwé díẹ̀ sí i yóò rántí àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé. Ibẹ̀ ló máa ń parí sí. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ èdè ni èèyàn ti ń gbọ́ orúkọ Kambolé. Wọ́n ka èdè yín àti ti Manigri, tó wà ní ilẹ̀ Benin, sí ọ̀kan náà, wọ́n sì fún un ní àmì lẹ́tà mẹ́ta, xkb, nínú àkójọ àwọn èdè ayé. Àjọ SIL ṣe ìwádìí lórí ẹbí èdè tí wọ́n ń pè ní Ede ní Benin àti Togo, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Iṣẹ́ gidi ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń wá ni bóyá ará ìlú kan gbọ́ èdè ìlú kejì, àti èdè tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ àwọn èèyàn ní ìwé kíkà. Kì í béèrè igi tí wọ́n ń ṣèpàdé lábẹ́ rẹ̀ kí ìjọba tó dé.

Ẹ sì wo ibi tí ẹ jókòó sí. Nínú agbègbè Tchamba kan ṣoṣo yìí, àwọn ará Tchamba fúnra wọn ń sọ Akaselem, tó bá èdè àwọn Gurma tan. Balanka ń sọ Anii, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Bassila ní òdìkejì ẹnubodè. Koussountou àti Bago ní tiwọn lọ́tọ̀. Tem, èdè Sokodé, ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń bá ẹni tí kì í ṣe ará ilé wọn nájà. Àárín gbogbo wọn ni Kambolé wà, tó ń sọ èdè tó jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá. Ìlú tí irú èdè báyìí yí ká, tí tirẹ̀ kò sì parẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní ohun tó dì í mú. Ohun náà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kọ.

Ọdún 1897 ni wọ́n pín ẹ̀yin àti Manigri níyà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún yẹn, Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris tí wọ́n fi la ilẹ̀ Togo àti Dahomey. Manigri bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Kambolé bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, Faransé ló wá ń ṣàkóso ìlú méjèèjì, síbẹ̀ wọn ò pa ilà náà rẹ́. Nígbà tí Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1960, tí Dahomey sì gba tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ilà tí àwọn òyìnbó fà di ohun tí ọmọ ìyá fi ń yẹ ìwé ìrìnnà ọmọ ìyá wò.

Ọdún 1897 yẹn kan náà ni Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí London, ìwé sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún gbogbo rẹ̀ kọ, kó tó jáde ní 1921. Ẹ wo bó ṣe kù díẹ̀ kó ṣòfò! Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwa ará Nàìjíríà ń fọ́nnu lé lórí pé a mọ̀ nípa Ọ̀yọ́, ọkùnrin kan tó fi sùúrù jókòó ti àwọn arọ́kin ló kó o jọ fún wa. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn mìíràn ti gbìyànjú níhà ọ̀dọ̀ yín. Bíọ́dún Adédìran ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ ìwé lórí àwọn ìjọba Yorùbá ní ìwọ̀ oòrùn, ó jáde ní 1994. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí àwọn èèyàn tí ẹnubodè là sí méjì. Ní Lomé, Nicoué Gayibor darí ìwé ńlá lórí ìtàn àwọn ará Togo. Ojú òkè ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń wo ilẹ̀: ọba, ogun, ìṣílọ. Odò kékeré tí wọ́n ti ń mú ìyàwó tuntun lọ pọn omi kò lè rí àyè níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó kọ ọ́. Iṣẹ́ onílé ni.

Ẹnì kan lè sọ pé, kí ni ìlú kékeré ní tó tó kọ? Èsì mi ni pé ọ̀nà kì í ṣe ohun kékeré. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, obì láti inú igbó Asante máa ń gba Salaga, á gba ilẹ̀ Tem lọ sí Djougou, kó tó dé ilẹ̀ Haúsá. Ojú ọ̀nà kan náà ni aṣọ, iyọ̀, ẹṣin àti ẹrú ń gbà. Kparatao, tí kò jìnnà sí Sokodé, ni ọba Tchaoudjo jókòó sí, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Semassi sì di ẹni tí gbogbo agbègbè ń bẹ̀rù. Ọrọ̀ ńlá wọ ilẹ̀ yín látàrí ọ̀nà wọ̀nyẹn. Ẹkún náà wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹkún yẹn díẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun Togo, sí Aného àti àyíká rẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ewe tó wà ní Ghana, ẹ máa bá vodun kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mama Tchamba. Àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn ra ẹrú láti òkè, tàbí tó fi ẹrúbìnrin ṣe aya, ló ń bọ ọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi irin dúdú, bàbà pupa àti irin funfun ṣe ni àmì rẹ̀. Wọ́n ń fún un ní obì, torí oúnjẹ ará òkè ni. Ẹni tí wọ́n fi owó rà ti wá di ẹni tí àrọ́mọdọ́mọ olówó rẹ̀ ń kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Tchamba níbẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ Tchamba rárá. Ibi tí wọ́n ti mú wọn gbà kọjá ni orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lára. Orúkọ náà ré òkun kọjá. Oldendorp, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó bá àwọn ẹrú sọ̀rọ̀ ní àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Denmark ní Caribbean ní 1767 àti 1768, gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1777.

Orúkọ agbègbè yín wà nínú ìwé Jámánì láti ọdún 1777, ó wà lójúbọ ní Aného títí dòní. Ní Kambolé ńkọ́, ta ló béèrè? Ìtàn àwọn tí wọ́n mú lọ ni etíkun ń tọ́jú. Ìtàn àwọn tó bọ́, ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kó wà. Níbo ni wọ́n ń sá pamọ́ sí nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá dé? Inú àpáta wo, inú igbó wo? Ìdílé wo ló gba àlejò tó sá wá láti ìlú mìíràn, tí àlejò náà sì di ará ilé? Àti ìtàn àwọn tó ta ẹlòmíràn, torí wọ́n wà ní gbogbo ìlú, wọ́n wà ní Ìbàdàn tèmi náà: ẹ má bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rù kì í bà mí pé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Ohun tí mo ti kà nípa àwọn ibòmíràn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ní Agbodrafo, ní ilẹ̀ Togo yín níbẹ̀, ilé oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń pè ní Wood Home, tí wọ́n kọ́ ní 1835. Téèyàn bá wọ inú rẹ̀, ilé òyìnbó lásán ni. Abẹ́ ilẹ̀ pákó rẹ̀ ni yàrá kan wà tí àgbàlagbà ò lè nàró nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí lẹ́yìn tí òfin ti ka òwò náà léèwọ̀. Ọdún 1999 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Èyí tó wá jọ mí lójú jù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Yàrà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi amọ̀ tó yí ilẹ̀ náà ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Àwọn àgbà ní obìnrin olówó kan tí kò rí ọmọ bí, Bílíkísù Sùngbọ́, ló ní kí wọ́n wà á kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Ọdún 1999 yẹn náà ni ìròyìn iṣẹ́ Patrick Darling, onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde, tí àwọn oníwèé ìròyìn sì ń pariwo pé wọ́n ti rí ìjọba tó sọnù nínú igbó. Sọnù báwo? Àwọn ará Òkè-Ẹ̀rì ń tọ́jú ibojì tí wọ́n gbà pé ti Sùngbọ́ ni, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá ṣàbẹ̀wò síbẹ̀. Peter Lloyd ti kọ̀wé nípa Erédò náà ní 1959. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé tó mọ̀ ọ́n ni ò pọ̀, àti torí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà, oko àti ilé gé e já ní ọ̀pọ̀ ibi láìsí ẹni tó bá wọn wí.

Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé Sùngbọ́ yìí ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Mi ò gbà á gbọ́, ọjọ́ orí odi náà kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn, òótọ́ tàbí irọ́, ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ibojì náà dáko. Torí náà, nígbà tí ẹ bá ń gba ìtàn sílẹ̀ ní Kambolé, ẹ má jẹ́ kí ọ̀mọ̀wé kankan dá àgbà lẹ́kun pé ohun tó ń sọ kò ṣeé ṣe. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ jiyàn, kó kọ iyàn tirẹ̀ sí etí ìwé.

Ìjọba Togo mọyì ohun tó ń dán. Wọ́n mọ Evala, ìjàkadì àwọn ọ̀dọ́ Kabiyè ní Kara. Wọ́n mọ Epe-Ekpe ní Glidji, níbi tí wọ́n ti ń mú òkúta mímọ́ jáde kí gbogbo ìlú lè fi àwọ̀ rẹ̀ mọ bí ọdún ṣe máa rí. Wọ́n mọ Gadao-Adossa ní Sokodé, tí àwọn ọkùnrin Tem ń fi ọ̀bẹ ṣá ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti mu oògùn. Gbogbo rẹ̀ dára, èmi náà á fẹ́ wò ó. Àmọ́ ibi tí kì í jó, tí kì í lu ìlù, tí kò ní ọjọ́ àjọ̀dún, mínísítà kì í yọjú síbẹ̀. Kànga àtijọ́ kò lè ṣeré fún kámẹ́rà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó. Nínú agbègbè yín ni igbó ọba Abdoulaye wà, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 30,000 hẹ́kítà. Nínú ìwé ìjọba, iye hẹ́kítà àti irú ẹranko tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló ṣe kókó. Àwọn ọdẹ ló mọ ìyókù: orúkọ odò kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti ń sinmi, ibi tí wọn kì í yìnbọn, àti ìdí tí wọn kì í fi í yìnbọn níbẹ̀. Tí ọdẹ kan bá kú láìsọ ọ́, hẹ́kítà náà kò dín, àmọ́ ilẹ̀ náà di ilẹ̀ tí kò lórúkọ. Àwọn ọdẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ, kí ẹ tó wá àwọn olóyè. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin olóyè.

Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ láti Sokodé dé Tchamba dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹnì kan máa dìde ní ìpàdé, á ní ohun àwọn kèfèrí ni lẹ́tà yìí fẹ́ jí dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn fún mi pé kíkọ kì í ṣe bíbọ. Ẹni tó kọ ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti ń bọ òrìṣà sílẹ̀ kò tíì fi orí balẹ̀ fún un. Àtipé mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ ní ìlú náà wà lára ohun tí mo ń sọ. Ta ló yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀? Ìlú wo ni ìmáàmù àkọ́kọ́ ti wá, àwọn oníṣòwò obì ló bá dé ni àbí ó dá wá? Tí ìdílé àáfà kankan bá ní ìwé àfọwọ́kọ ní lẹ́tà Lárúbáwá nínú àpótí, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí kòkòrò tó jẹ ẹ́ tán.

Ibi awo náà wà, mo mọ̀. Lórí ìyẹn, mo dúró sí ẹ̀yìn àwọn tó bá fẹ́ dákẹ́. Ẹ ṣe ìwé méjì. Ọ̀kan fún gbogbo ayé. Èkejì, kí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ìlú bá yàn, kí ó má sì jáde láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Ibi tó bá yẹ kó ṣófo nínú máàpù, ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ọ̀pọ̀ ère ilẹ̀ wa ló jẹ́ pé ìkéde ló júwe ọ̀nà wọn fún olè, tó fi jẹ́ pé inú ilé ìtajà ní Paris ni wọ́n wà báyìí. Mi ò fẹ́ kí Kambolé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó tirẹ̀ sítà.

Agbára iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ yín. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2019, Togo dìbò yan ìgbìmọ̀ kọmúùnù 117, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ìbò bẹ́ẹ̀ wáyé láti 1987. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú rẹ̀, ẹni tí Lomé rán wá ló ń pinnu ohun tó jẹ yín lógún. Ní báyìí, ẹ lè pinnu fúnra yín. Owó rẹ̀ kò tó ti afárá, kò tó ti yàrá ìkàwé kan. Fóònù wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga yín. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé àgbà kan tó mọ ilẹ̀, kí wọ́n jọ rìn, kí àgbà dúró síbi tó bá fẹ́ dúró, kí ọmọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ìtàn tí èèyàn sọ lójú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ máa ń kún ju èyí tó sọ ní yàrá ìpàdé lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní èdè Kambolé, lẹ́yìn náà kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí Yunifásítì Kara, kan sí Lomé, kan sí Manigri.

Ọ̀rọ̀ Manigri yẹn, mi ò fẹ́ kó já bọ́. Ní 2004, UNESCO fi Koutammakou, ilẹ̀ àwọn Batammariba, sínú àkójọ ohun ìní gbogbo ayé ní orúkọ Togo nìkan, bẹ́ẹ̀ Batammariba wà ní Benin náà. Ní 2023 ni wọ́n nà án dé apá ti Benin. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni wọ́n fi tún ohun tí ilà òyìnbó bàjẹ́ ṣe. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Benin, Nàìjíríà àti Togo, ló jùmọ̀ ní in nínú ìwé UNESCO. Ẹ̀yin náà, ẹ má dá iṣẹ́ yìí ṣe kí ẹ tó lọ máa wá ọmọ ìyá yín. Ìtàn tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Kambolé lè parí sí Manigri, tàbí kí ó jẹ́ ọ̀hún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì sọ ọ́, ibi tí wọn ò bá ti fẹnu kò, kí ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ Kambolé tó wà lẹ́yìn odi, ọwọ́ yín la ń wò fún owó rẹ̀. Ẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sílé kọ́lé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Kí ẹ tó ra àpò sìmẹ́ńtì tó kàn, ẹ pe ilé, kí ẹ béèrè orúkọ tí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé sí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí ẹ máa jíròrò ní ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ ìyá àgbà, kí ọ̀kan jẹ́ ọdẹ. Ẹ ránṣẹ́ sí Manigri kí wọ́n yan mẹ́ta tiwọn. Kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó dàgbà jù ní ìlú méjèèjì, lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá yàn wọ́n gan-an.

Èmi ni,
Òǹkọ̀wé kan láti Ìbàdàn.